Orúkọ Tó Gba Ojú Fèrèsé Jáde

Ẹni bá mọ Àpèkẹ́ ní Fẹ́sítáàkì mọ̀ pé obìnrin náà kì í gbà fún nǹkan kan. Ọdún márùndínlógójì ló fi ṣiṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, kò pẹ́ dé ibi iṣẹ́ rí. Àmọ́ nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ilé rẹ̀, háà, ìyẹn borí rẹ̀! Tí fóònù bá ti dún, àfi kó sáré sọ̀ kalẹ̀ láti òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kó tó gbọ́ ohùn ẹni tó ń pè é.

Ní Sátidé tí mò ń sọ yìí, kò sí pé à ń sáré. Orúnkún rẹ̀ ti wú. Ọjọ́ yẹn gan-an ni wọ́n fẹ́ sọ ọmọ Inúmidùn, ọmọ rẹ̀ obìnrin tó wà ní Kánádà, lórúkọ. Ọdún mẹ́sàn-án ni wọ́n ti ń wá ọmọ yìí. Inúmidùn sì ti ní, "Mummy, èmi àti ọkọ mi nìkan la wà níbí o. Tí a ò bá gbọ́ orúkọ náà lẹ́nu yín ní aago mẹ́rin, a ò ní sọ ọ́."

Ọkàn Àpèkẹ́ ò balẹ̀ mọ́. Wòsílátù tó ń gbé ìsàlẹ̀ ló lọ bá a pe Kazeem, ẹni tó ń tún fóònù ṣe ní Mazamaza. Kazeem wo ilé yíká, ó fọwọ́ kan fèrèsé, ló bá bú sẹ́rìn-ín.

"Mummy, ta ló lẹ nǹkan dídán yìí mọ́ gíláàsì?"

"Èmi ni. Oòrùn fẹ́ pa mí ni."

"Ẹ lé oòrùn, ẹ lé nẹ́tíwọ̀ọ̀kì mọ́ ọn! Bí ariwo rédíò ará ilé kejì ló rí. Ògiri á gbà nínú ẹ̀, kó tó wọlé ó ti rọ̀. Irin ní tiẹ̀, ńṣe ló máa ń dá a padà. Irin lẹ́búlẹ́bú ló sì ń dán lára gíláàsì yín yìí."

"Yéè! Ọwọ́ ara mi ni mo fi ṣe ara mi!"

Kazeem ṣí fèrèsé gbayawu, ó gbé fóònù sójú ẹ̀, ó sì yí ohùn fóònù náà sókè. Aago mẹ́rin lù, fóònù dún. Ẹkún ọmọ tuntun gba inú yàrá kan. Àpèkẹ́ na ọrùn sójú fèrèsé.

"Ayọ̀mídé!" ló pariwo. "Àṣàbí mi! Wàá gbó, wàá tọ́!"

"Àmín o!"

Ìsàlẹ̀ ni ohùn ti wá. Àpèkẹ́ tún ṣàdúrà.

"Òkèèrè ò ní gba ilé lọ́kàn ẹ!"

"Àmín o!" Ó ti pọ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ.

"Mummy," Inúmidùn bi í pẹ̀lú omijé, "àwọn wo nìyẹn?"

Àpèkẹ́ yọjú. Wòsílátù nìyẹn, àwọn ọmọ rẹ̀, àwọn tó ń pọn omi, àti àwọn kan tí kò mọ̀ rí pàápàá, gbogbo wọn gbójú sókè, wọ́n ń rẹ́rìn-ín sí i.

"Ẹbí ọmọ rẹ ni," ló dáhùn. "Wọ́n ti pé."