Àyè Bàbá Mi ní Odò-Àràbà

Òórùn ẹran sísun àti ti igi páìnì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fà ya ló jí mi láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ìjì ti jà mọ́jú ní Houston. Iná ti lọ ní gbogbo àpátímẹ́ǹtì wa ní Westchase, ohun tó wà nínú fìríìsà oníkálukú sì ń yọ́. Àwọn aládùúgbò gbé ààrò eléèédú síta, síbi tí wọ́n ń gbé mọ́tò sí, wọ́n ń sun ẹran bí ẹni ń ṣọdún. Ẹ̀yin tá a jọ dàgbà níbẹ̀ ní 1983, ẹ ó rántí. Inú àwọn ọmọ yòókù ń dùn. Tèmi ò lè dùn, torí bàbá mi jókòó sórí kápẹ́ẹ̀tì tútù, wọ́n gbé fóònù sétí, wọ́n ní, "Ó ṣì kú," wọ́n gbé e kalẹ̀. Kò pẹ́, wọ́n tún gbé e.

Màmá mi ò sí nílé. Wọ́n ti gbé àbúrò mi, ọmọ ọwọ́, lọ sí Odò-Àràbà, abúlé bàbá mi, kí ìyá àgbà lè rí i kí ojú wọn tó fọ́ tán. Kò sẹ́ni tó rò pé ìbò máa ká wọn mọ́bẹ̀. Kí ìjì tó dé la ti gbọ́ lẹ́nu àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì pé wọ́n ti kéde ẹni tó wọlé, pé inú ń bí àwọn èèyàn, àti pé wọ́n ti ń sun ilé.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ibẹ̀ ṣe rí. Láti ayé òyìnbó ni ìjọba ti so abúlé mẹ́ta inú oko kòkó pọ̀, tó pè é ní ẹkùn ìdìbò Odò-Àràbà. Nígbà ìbò àkọ́kọ́, bàbá bàbá mi rí i pé ilé tó bá kó ara rẹ̀ sínú ẹgbẹ́ kan ṣoṣo, ọjọ́ tí ẹgbẹ́ náà bá rí ìjà, ilé náà dáràn. Ni wọ́n bá pín àwọn ọmọ wọn: Bàbá Délé, àkọ́bí, sínú ẹgbẹ́ kan, bàbá mi sínú ìkejì. Ẹgbẹ́ yòówù tó bá gbé epo bẹntiróòlù wá láti sun ilé, yóò bá èèyàn tirẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n máa ń sọ pé, "Ẹsẹ̀ kan níwájú, ẹsẹ̀ kan lẹ́yìn, òun ni kì í jẹ́ ká ṣubú." Lọ́dún wẹ́tìẹ, iná jó lọ́tùn-ún, ó jó lósì, kò kan ilé wa. Ológun gbàjọba, ìbò lọ sinmi. Nígbà tó padà dé ní 1979, oníkálukú dúró ní àyè tirẹ̀.

Ọdún tó tẹ̀ lé e la wá sí Houston. Bàbá mi rò pé abúlé làwọn fi sílẹ̀. Wọn ò mọ̀ pé ẹnu ọ̀nà làwọn ṣí sílẹ̀. Ní 1983, ẹgbẹ́ Bàbá Délé ni wọ́n kéde. Ẹgbẹ́ bàbá mi ló ń gbé epo kiri.

Màmá Káyọ̀dé, tí wọ́n ń gbé lókè wa, wọlé pẹ̀lú sùtánà ṣọ́ọ̀ṣì wọn àti àwo ẹran. Wọ́n wo bàbá mi títí. "Bàbá Bísí, ẹ wo fóònù yìí débi pé ojú ti ń tì í. Ẹ jẹun."

"Ẹ ṣé, mà. Ọ̀fun mi ò gbà á."

"Ẹ gbé e fún Bísí, jàre. Ọ̀fun tiẹ̀ ò ṣòṣèlú."

Mo bi bàbá mi bóyá wọ́n máa sun Mọ́mì. Wọ́n fà mí mọ́ra, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í di irun mi, àwọn tí ò dirun rí. Ìgbà yẹn lẹ̀rù tó bà mí gan-an.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, fóònù dún. Màmá mi ti wọkọ̀ lọ sí Ìbàdàn kí wọ́n tó lè rí fóònù lò. Ohùn wọn ròkè débi pé mo ń gbọ́ ọ.

"Bàbá Bísí, a wà láàyè. Fìlà ẹgbẹ́ yín tó wà nínú àpótí ni mo dé. Mo gbọ́mọ pọ̀n, mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà."

"Kí ló dé tó o jáde?"

"Àyè yín ló ṣófo. Wọ́n dé pẹ̀lú gálọ́ọ̀nù epo, wọ́n ní ta ni mí. Mo ní ìyàwó èèyàn yín ni mí. Wọ́n ní, 'Ìyàwó wa, ẹ gbọ́mọ wọlé, oòrùn ń pa á.' Wọ́n bá kọjá lọ sílé kejì."

Bàbá mi dúpẹ́, wọ́n gbé fóònù kalẹ̀, wọ́n lọ jẹ ẹran àná tó ṣẹ́ kù lórí ìdúró, ní tútù, omijé ń bọ́ sínú àwo. Ilé kejì yẹn ò yé mi nígbà náà. Ó ti yé mi báyìí: ilé ẹlòmíì ló jó dípò tiwa.

Kí ọdún náà tó parí, ológun padà dé. Nígbà tí ìbò tún máa ṣẹlẹ̀, wọ́n ti pín àwọn abúlé mẹ́ta náà mọ́ àwọn ìlú ńlá. Kò sẹ́ni tó ń dìbò fún Odò-Àràbà mọ́.

Stafford ni mò ń gbé báyìí, pẹ̀lú ọkọ àti ọmọ mi obìnrin. Ẹgbẹ́ tí ọkọ mi ń dìbò fún, èmi kì í dì í fún un. Tá a bá ń ti ibi ìdìbò bọ̀, ó máa ń rẹ́rìn-ín lójú ọ̀nà fríwéè pé, "Ìbò tèmi àti tìẹ ti pa ara wọn, epo mọ́tò la fi ṣòfò." Mo máa ń rẹ́rìn-ín pẹ̀lú rẹ̀. Ṣùgbọ́n mi ò lè búra pé ohun tí mo gbà gbọ́ nìkan ni mo dìbò fún.

Bísí kékeré bá bàbá rẹ̀ ṣọ́ fóònù. Bísí ìyá ọmọ ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà. Lọ́jọ́ ìbò, mo máa ń tètè lọ gbé ọmọ mi ní dékíà, níbi tí wọ́n ti ń bá wa tọ́jú rẹ̀, a ó jọ jókòó síwájú ilé títí oòrùn á fi rọlẹ̀. Aládùúgbò wa á kọjá, á juwọ́ sí wa. Màá juwọ́ padà. Lẹ́yìn náà, màá wo ọwọ́ rẹ̀ kejì, bóyá ó gbé gálọ́ọ̀nù dání.