Àwọn Ẹsẹ̀ Tí Kò Rí Bàtà Rà Lọ́jà

Tí o bá gba Sábó kọjá láàárọ̀, kí oòrùn tó mú, òórùn àgbò ni yóò kọ́kọ́ pàdé rẹ, òórùn awọ yóò sì tẹ̀lé e: awọ tí wọ́n ti fá irun rẹ̀, tí wọ́n sá sórí okùn, tó ń rùn bí ewé gbígbẹ tí wọ́n pò mọ́ iyọ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa fọwọ́ bo imú tí wọ́n bá ń kọjá níbẹ̀. Ní tèmi, ibẹ̀ ni mo ti kọ́ iṣẹ́ tó ń bọ́ mi lónìí. Mo ti jáde ní yunifásítì nígbà náà, mo ti ṣe agùnbánirọ̀ tán, iṣẹ́ kò sí. Mo kàn lọ tún okùn báàgì mi tó já ṣe lọ́dọ̀ bàbá Haúsá kan tó ti pẹ́ ní Ifẹ̀ débi pé èdè Ifẹ̀ ni wọ́n fi ń bá oníbàárà jà. Mo jókòó, mò ń wo ọwọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń gé awọ, tí wọ́n ń rán an, tí wọ́n ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìtẹ́lẹ̀ rọ́bà. Wọ́n parí báàgì mi, wọ́n gbé e fún mi, n kò dìde. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, mo padà lọ bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n kọ́ mi.

Ìyá mi kò fẹ́ gbọ́ ọ rárá. Nọ́ọ̀sì ni wọ́n, wọ́n ti fẹ̀yìn tì, wọn kì í sì í pariwo. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí wọ́n rí gọ́ọ̀mù lára aṣọ mi, ohùn wọn yí padà. “Ṣé torí kí o lè máa rán bàtà ni mo ṣe rán ẹ lọ sílé-ìwé?” Nígbà tí mo gba òmìnira lọ́wọ́ ọ̀gá mi, ìyá àgbà, ìyá tó bí ìyá mi, ló fún mi ní yàrá iwájú ilé wọn ní Ìlàré, yàrá kan tó kọjú sí títì, tí wọ́n ń kó iṣu sí tẹ́lẹ̀. Mo gbá a, mo kùn ún, mo sọ ọ́ di ṣọ́ọ̀bù.

Bàtà mi dára, n kò ní purọ́ fún ọ. Ṣùgbọ́n àwọn ará àdúgbò á kí mi “Ẹ kú iṣẹ́ o,” wọ́n á sì gba iwájú mi kọjá lọ ra bàtà rọ́bà lọ́jà. Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń ṣe kéèkì ló ní kí n máa gbé iṣẹ́ mi sórí ìkànnì tí gbogbo ayé ti ń wo àwòrán. Òun fúnra rẹ̀ ló bá mi ṣí ojú ìwé náà sórí fóònù. “Àwòrán ló ń tajà báyìí,” ó ní, “kì í ṣe ẹnu.” Mo ṣe bí mo ṣe rí i tí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń ṣe. Mo tẹ́ aṣọ funfun, mo to òdòdó ike sí i, mo bẹ ọmọbìnrin kan ní àdúgbò, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ tó sì kun èékánná, pé kó bá mi wọ̀ ọ́. Àwòrán mi rí bí àwòrán gbogbo ènìyàn, ìyẹn gan-an sì ni wàhálà rẹ̀. Àwọn ìbátan mi ló ń tẹ láìkì fún mi, àti àwọn tó ń ṣe bàtà bíi tèmi. Ẹni tó fẹ́ rà kò sí.

Láàárín èyí, àbúrò ìyá mi rí iṣẹ́ fún mi ní ọ́fíìsì kan ní Àbújá. Lẹ́yìn ọdún Àjíǹde ni kí n wọlé. Àárẹ̀ ti mú mi, mo gbà. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kó awọ tó kù mọ́ inú àpò.

Kí n tó lọ, mo fẹ́ ṣe nǹkan fún ìyá àgbà. Ẹsẹ̀ wọn fẹ̀ níwájú bí ẹsẹ̀ pẹ́pẹ́yẹ, eegun kan yọ síta lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtàǹpàkò, ìka kejì sì gun ìka àkọ́kọ́ lẹ́yìn. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú, tí wọ́n bá ra sálúbàtà, ọ̀bẹ ni wọ́n fi ń la ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kí eegun yẹn lè rí ibi jáde. Tí wọ́n bá dé ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n á fa ìró bo ẹsẹ̀ náà mọ́lẹ̀. Mo tẹ́ bébà sílẹ̀, mo ní kí wọ́n gbé ẹsẹ̀ lé e, mo fi bírò yí i po pẹ̀lú gbogbo kọ́lọ́kọ̀lọ̀ rẹ̀. Awọ tó rọ̀ jù nínú èyí tó kù ni mo lò. Nígbà tí mo parí, wọ́n wọ̀ ọ́, wọ́n rìn dé ìdí kànga, wọ́n rìn padà. Wọ́n wá jókòó.

“Àjíkẹ́, bàtà yìí kò bá mi jà.”

Ọ̀rọ̀ yẹn mì mí. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n fi fóònù ya ẹsẹ̀ wọn. “Ẹsẹ̀ kẹ̀? Ojú mi ńkọ́? Ṣé ó ti burú tó bẹ́ẹ̀ ni?” Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n na ẹsẹ̀ sórí àtẹ̀gùn sìmẹ́ńtì tó ti sán, mo yà á bẹ́ẹ̀. Mo gbé e sójú ìwé mi, mo kọ sábẹ́ rẹ̀ pé: “Ẹsẹ̀ ìyá ìyá mi nìyí. Kò sí bàtà wọn lọ́jà, ni mo bá ṣe é.” Mo lọ fọ aṣọ lẹ́yìnkùlé. Nígbà tí mo padà wọlé, fóònù mi ń gbọ̀n lórí tábìlì bí ẹni tí ibà mú.

Ọ̀rẹ́ mi, àwòrán ẹsẹ̀ ni àwọn ènìyàn ń fi ránṣẹ́ sí mi. Ẹsẹ̀ bàbá tí àtọ̀gbẹ ti mú wú. Ẹsẹ̀ mẹkáníìkì kan tí epo gbígbóná jó. Ẹsẹ̀ àwọn ìyá tó jọ ti ìyá àgbà bí ìbejì. “Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ lè ṣe irú èyí fún ìyá mi?” Kò sẹ́ni tó béèrè bóyá ó bá aṣọ mu. Àmọ́ ẹnìkan kọ ọ́ síbẹ̀ pé: “Ṣé ẹsẹ̀ ènìyàn nìyí àbí gbòǹgbò igi?” Mo fẹ́ yọ àwòrán náà kúrò, kí wọ́n má baà fi ìyá àgbà ṣe yẹ̀yẹ́, ṣùgbọ́n ìyá àgbà fúnra wọn rí ojú mi, wọ́n ní kí n kà á fáwọn. Mo kà á. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. “Gbòǹgbò ni. Sọ fún un pé èyí tí kò ní gbòǹgbò, kó dúró ká rí i.” Mo kọ èsì náà bí wọ́n ṣe sọ ọ́. Kí ilẹ̀ ọjọ́ yẹn tó ṣú, ó ti rìn jìnnà ju àwòrán gan-an lọ.

Nínú àwọn tó kọ̀wé sí mi ni olùkọ́bìnrin kan wà. Mo rò pé Èkó ló wà. Àṣé Ẹdùnàbọ̀n ni, níbí níbí. Ó ti ń gba iwájú ilé wa kọjá lọ sọ́jà tipẹ́, kò mọ̀ pé mo wà. Ó wá sí ṣọ́ọ̀bù, ó ti ilẹ̀kùn kó tó bọ́ bàtà. Rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ ti mú un ní kékeré. Ẹsẹ̀ òsì kúrú, ó sì kéré ju ọ̀tún lọ dáadáa. Ìgbéyàwó rẹ̀ ti sún mọ́lé. “Àǹtí, gáùn mi á wọ́ nílẹ̀, kò sẹ́ni tó máa rí ohun tí mo bá wọ̀. Kí n sáà ti lè rìn dé ọ̀dọ̀ ọkọ mi láìdi ẹnikẹ́ni mú.”

Èyí tí mo kọ́kọ́ ṣe kò dára. Mo ti to rọ́bà lé rọ́bà kí ẹsẹ̀ méjèèjì lè dọ́gba, ṣùgbọ́n ó rìn dé ẹnu ọ̀nà, ó di férémù mú, ó ní ó dà bí ẹni pé wọ́n so òkúta mọ́ òun lẹ́sẹ̀. Mo gbé bàtà náà lọ sí Sábó. Ọ̀gá mi gbé e lọ́wọ́ wò. “Bàtà ni mo kọ́ ẹ,” wọ́n ní, “n kò kọ́ ẹ ní búlọ́ọ̀kù.” Wọ́n fi hàn mí bí mo ṣe lè gbẹ́ inú ìtẹ́lẹ̀ náà kó fúyẹ́ tí kò sì ní tẹ̀. Mo tún un ṣe látilẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ tí wọ́n fẹ́ ṣègbéyàwó yẹn gan-an ló yẹ kí n wọlé síṣẹ́ ní Àbújá. Mo pe ìyá mi. “Mà, n kò lọ mọ́.” “Mo ti gbọ́,” ni wọ́n sọ, wọ́n sì pa fóònù. Ó sàn kí wọ́n ti bú mi.

Lọ́sàn-án ọjọ́ ìgbéyàwó, olùkọ́ náà fi àwòrán ránṣẹ́. Mo wò ó, n kò gba ojú mi gbọ́. Gáùn tó ní yóò wọ́ nílẹ̀, ó ti ní kí aránṣọ gé e dé òkè ọrùn ẹsẹ̀. Ó dúró gbọn-in, kò di ẹnikẹ́ni mú, ẹsẹ̀ kékeré yẹn ló nà síwájú, ó sì ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tó gba ife-ẹ̀yẹ. Ó kọ sábẹ́ rẹ̀ pé: “Àǹtí, ẹ gbé e sójú ìwé yín. Ẹ má gé ẹsẹ̀ mi kúrò o.” Mo jókòó sílẹ̀ láàárín àwọn awọ mi, mo sunkún ayọ̀.

Àwòrán yẹn dé ibi tí èmi fúnra mi kò mọ̀. Ó dé fóònù àwọn nọ́ọ̀sì ẹgbẹ́ ìyá mi tó ti fẹ̀yìn tì, wọ́n ń béèrè láàárín ara wọn pé ta ló ṣe bàtà yìí, kí àwọn lè wá a lọ. Ìyá mi nìkan ló mọ̀. Ìyá mi wá sí Ìlàré fúnra wọn ní ọ̀sán ọjọ́ kan, wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì, wọ́n bọ́ bàtà ọ́fíìsì wọn àtijọ́. N kò tíì wo ẹsẹ̀ ìyá mi dáadáa rí kó tó di ọjọ́ náà: gìgísẹ̀ tó le bí èèpo igi, ìka tó ti wọ́ lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún lórí ìdúró ní wọ́ọ̀dù. “Gbé bébà ẹ wá,” ni wọ́n wí. Ìyá àgbà tó wà lẹ́nu ọ̀nà dá sí i: “Kó o wẹ̀ ẹ́ kó o tó gbé e lé bébà ọmọ mi.” Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta la jọ rẹ́rìn-ín.

Ṣọ́ọ̀bù mi ti gba yàrá kejì báyìí, mo ní àwọn tí mò ń kọ́ níṣẹ́, bàtà mi sì ti kọjá òkun. Àwọn tó ń bẹ̀rẹ̀ òwò máa ń wá bi mí pé irú kámẹ́rà wo ni mò ń lò. Fóònù lásán ni. Ohun tí n kò mọ̀ nígbà náà ni pé àwọn oníbàárà mi ti wà láti ọjọ́ yìí wá, nílé wọn, tí wọ́n ń fi ìró bo ẹsẹ̀, tí kálukú rò pé òun nìkan ni ọjà kọ̀. Àwòrán kan ló sọ fún wọn pé wọ́n pọ̀. Ó sọ ọ́ fún èmi náà.