Ọjọ́ Tí Àwa Agégi Kọ̀ Láti Gé Igi

Ní ọdún tí mò ń sọ yìí, òmìnira kò tíì dé, èmi sì ni akọ̀wé ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ní ilé ìlagi kan létí ọ̀sà ní Ẹ̀pẹ́. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tẹ́ ẹ máa ń bi mí pé ìjà wo la jà, tẹ́ ẹ ń retí ìtàn ìbọn àti ẹ̀wọ̀n, ẹ gbọ́: nítorí ibòji igi ọdán mẹ́rin la ṣe jà.

Gbogbo ìlú ló ni ibòji yẹn. Lọ́sàn-án gangan, bí lẹ́búlẹ́bú pákó bá ti dí wa nímú, ibẹ̀ la ń sá lọ. Atẹ́gùn ọ̀sà á fẹ́ sí wa lára, ẹni tó ti ń kanra láti àárọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ̀fẹ̀. Àwọn abiyamọ ń gbé ọmọ tí ara rẹ̀ kò yá wá síbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n Bùráímọ̀, òṣìṣẹ́ ẹgbẹ́ wa tí gẹdú yí lù lẹ́yìn, ibẹ̀ ló ń jókòó sí lójoojúmọ́ kí ara rẹ̀ lè bọ̀ sípò. Nínú yàrá rẹ̀ tó gbóná, oorun kì í kùn ún.

Ọ̀gá wa wá ní ká gé àwọn igi náà, òun fẹ́ máa kó gẹdú síbẹ̀. A kọ̀. Ó rẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gé igi jẹun, ìgbà wo nigi di ìbátan yín?"

Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ má bínú, alápatà náà kì í pa gbogbo ẹran tó bá rí."

Ó ní ẹni tí kò bá gé wọn kó máa lọ sílé. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Gbogbo wa kó ayùn sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọ̀gá gbọ́n jù wá lọ. Ó mọ̀ pé lọ́jọ́ Jímọ̀, kò ní sẹ́nì kankan létí ọ̀sà. Bá a ṣe ń kírun lọ́wọ́, ó kó àwọn agégi wọlé láti Ìkòròdú. Ká tó dé, igi kan ti wó. Inú bí mi débi pé mo sunkún níṣojú gbogbo wọn. Èmi akọ̀wé, n kò ronú pé kí àwọn onígbàgbọ́ inú ẹgbẹ́ máa ṣọ́ ibẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n Bùráímọ̀ kò sunkún ní tirẹ̀. Ó wọ́ ẹsẹ̀ lọ fẹ̀yìn ti igi kejì, ó wo olórí àwọn àlejò náà lójú.

"Oòrùn yìí, níbo lẹ fẹ́ sinmi sí tẹ́ ẹ bá gé e tán?"

Ọkùnrin náà wòkè. "Ẹ̀gbọ́n, wọn ò sọ fún wa pé èèyàn ń lò ó."

"Èmi ni mò ń lò ó. Ẹ wá jókòó."

Wọ́n jókòó. Àwa náà jókòó tì wọ́n. Ọ̀gá pariwo títí, kò rẹ́ni dìde. Ọjọ́ mẹ́ta la fi wà níbẹ̀ kí ọ̀gá tó gbà láti fi igi tó kù sílẹ̀.

Igi mẹ́ta dúró. Èyí tó wó kò padà, iṣẹ́ tí ọ̀gá gbà lọ́wọ́ mi náà kò padà. Ẹ̀gbọ́n Bùráímọ̀ tún rìn dáadáa, n kò kábàámọ̀. Ohun tí a kò rí gbà títí dòní ni ìwé tí yóò sọ pé ti gbogbo ìlú nibẹ̀. Ẹnu lásán lọ̀gá fi ṣèlérí. Mo gbọ́ pé àwọn kan tún ti ń wọn ilẹ̀ náà. Orúnkún ń dùn mí, n kò lè dúró pẹ́ mọ́. Bí wọ́n bá mú ayùn dé, ẹ wá gbé mi lọ síbẹ̀. Mo ṣì lè jókòó.