Ẹni Tó Bá Mi Tọrọ Iṣẹ́

Ẹ̀yìn dídùn ló lé mi nídìí ẹrù. Ó pẹ́ tí mo ti ń ru àpò ìrẹsì àti sìmẹ́ǹtì ní ẹnubodè Igolo. Dókítà ní bí n kò bá ṣíwọ́, igi ni n ó máa fi rìn. Nígbà tí mérì Ifangni, ilé ìjọba ìbílẹ̀ wa, ń wá ẹni tí yóò máa gba àwọn ará abúlé tí kò gbọ́ Faransé lálejò, tí yóò sì máa túmọ̀ ọ̀rọ̀ wọn fún àwọn ọ̀gá, mo mọ̀ pé bí n kò bá rí èyí gbà, ẹrù náà ni n ó padà sí.

Mo ti bímọ kí n tó mọ ìwé. Aya mi ló ní kí n lọ jókòó sí kíláàsì àwọn àgbà, ibẹ̀ ni mo ti kọ́ Faransé. Ó ti kú báyìí.

Ọmọbìnrin wa wá láti Àjàṣẹ́ láti kọ́ mi bí a ṣe ń dáhùn ìbéèrè àwọn tó ń gbani síṣẹ́. Ó jókòó sẹ́yìn tábìlì bí ọ̀gá.

"Kí ló dé tí a ó fi mú yín?"

"Ẹ bi àwọn aládùúgbò mi."

"Bàbá! Wọn ò ní bi aládùúgbò kankan. Ẹ̀yin fúnra yín ni kẹ́ ẹ sọ ọ́."

"Kí n máa yin ara mi?"

"Ẹ yìn ín dáadáa. Kẹ́ ẹ sì máa wo ojú wọn."

Nílé wa, ẹlòmíràn ní í sọ ìwà èèyàn. Bí a bá ń tọrọ ìyàwó tàbí ilẹ̀, ẹni tó fẹ́ ẹ kì í lanu, àgbà ìdílé ní í bá a sọ ọ́. Síbẹ̀ mo kọ́ ọ. Mò ń sọ ọ́ fún ògiri títí ojú kò fi tì mí mọ́. N kò sì sọ fún ẹlòmíràn. Mo fẹ́ kí iṣẹ́ náà jẹ́ tèmi, kí ẹnikẹ́ni má lè sọ pé òun ló fún mi.

Ẹ̀gbọ́n mi gbọ́ ọ ní mọ́ṣáláṣí. Láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n ní kí n wá dáhùn ìbéèrè, mo bá a lẹ́nu ọ̀nà mi nínú agbádá funfun.

"O fẹ́ dá lọ bí ọmọ tí kò lẹ́bí?"

"Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ní kí n dá wá ni."

"Àwọn wo? Ṣé kò sí àgbà nílé tiwọn ni?"

Alùpùpù tí mo pè lòun náà gùn. "Sún síwájú," ló wí. N kò lè já ẹ̀gbọ́n mi sílẹ̀ lójú ẹni tó ń gbé wa lọ.

Ọlọ́dẹ mérì rí agbádá, ó bú sẹ́rìn-ín. "Bàbá, ẹ kú ìnáwó o! Ọmọ ta lẹ wá fẹ́ níbí?"

"Iṣẹ́ la wá tọrọ," ni ẹ̀gbọ́n mi dáhùn. Kò rẹ́rìn-ín.

Wọ́n pè mí. Mo wọlé, ó tẹ̀ lé mi. Obìnrin kan láti Kútọnu ni ọ̀gá, kò gbọ́ Yorùbá. Ọkùnrin méjì jókòó tì í, ọmọ ìhín ni ọ̀kan. Kí n tó kí wọn tán, ẹ̀gbọ́n mi ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀.

"Ẹ ṣàánú àbúrò mi. Kò lẹ́nu ọ̀rọ̀. Kò tètè kàwé, orí rẹ̀ ò sì fi bẹ́ẹ̀ yá. Ìyàwó rẹ̀ ti kú, kò sẹ́ni tó ń se oúnjẹ fún un. Ẹ wo bó ṣe rù. Nítorí òkú obìnrin yẹn, ẹ fún un níṣẹ́."

Ọmọ ìhín yẹn fọwọ́ bo ẹnu, èjìká rẹ̀ ń mì. Kì í ṣe orí mi tó ní kò yá ló bí mi nínú jù. Aya mi ni. Obìnrin tí kò tọrọ iyọ̀ rí lọ́wọ́ aládùúgbò, òun ni wọ́n ń fi ṣagbe ní bíróò ìjọba.

Ọ̀gá béèrè ohun tó sọ. Ọmọ ìhín náà fẹ́ dáhùn, obìnrin náà gbọ́wọ́ sókè dá a dúró, ó sì tọ́ka sí mi.

"Ṣebí iṣẹ́ tó ń wá nìyẹn. Kí òun sọ ọ́ fún mi."

Mo lè sọ pé ó kàn ń kí wọn ni. Ìbínú kò jẹ́. Mo wo ojú obìnrin náà, mo túmọ̀ gbogbo rẹ̀ sí Faransé: n kò lẹ́nu ọ̀rọ̀, orí mi kò yá, mo rù, ìyàwó mi kú. N kò fi kún un, n kò sì yọ nínú rẹ̀. Mo wá ní:

"Ohun tó sọ nìyẹn. Tèmi rèé: n kò wá ṣagbe. Ohun tí èèyàn bá sọ ni mo máa ń sọ, kódà bó bá ń dùn mí. Ẹ jẹ́ kó jáde, kí ẹ bi mí ní ìbéèrè yín."

Ẹ̀gbọ́n mi kò gbọ́ Faransé. Ó ń mi orí, ó rò pé mò ń dúpẹ́.

Wọ́n ní kó jáde. Wọ́n bi mí léèrè, mo dáhùn. Kò pẹ́ tí wọ́n fi pè mí wọlé padà pé èmi ni wọ́n mú.

Ẹ̀gbọ́n mi gbọ́ ọ lẹ́nu ọ̀nà; kí n tó délé, ó ti ròyìn rẹ̀ káàkiri Igolo. "Ẹnu mi ló gbà á!" ló ń wí fún àwọn tó ń ṣẹ́ owó. Òun ni wọ́n ń kí kú oríire. Àṣà ni kí a lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó bá ni sọ̀rọ̀, mo mú àkùkọ kan, mo lọ, mo dọ̀bálẹ̀.

"Ṣé o rí i? Ká ní mo jẹ́ kó o dá lọ ńkọ́?"

Mo dìde. "Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Ẹ má tún fi òkú ìyàwó mi tọrọ ohunkóhun mọ́."

Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. "Èmi lò ń bá sọ bẹ́ẹ̀? Èmi tí mo gba iṣẹ́ fún ọ?"

"Ẹ̀yin ni."

Ó ní kí n gbé àkùkọ mi. N kò gbé e. Láti ìgbà náà, aláìmoore lorúkọ mi lẹ́nu rẹ̀. Kó máa pè mí bẹ́ẹ̀. Mò ń jí lọ síbi iṣẹ́ mi.