Ẹ̀jẹ̀ Lára Ìrọ̀rí Káfíńtà

Jẹ́jẹ́ làwọn aláìsàn ń pe nọ́ọ̀sì yìí, nítorí abẹ́rẹ́ rẹ̀ kì í dunni. Ó ti lo ọdún mọ́kànlélógún ní wọ́ọ̀dù àwọn ọkùnrin. Lọ́sẹ̀ tí mò ń sọ yìí, nọ́ọ̀sì méjì ò wá síṣẹ́, òun nìkan ló ń tọ́jú ibùsùn mẹ́rìndínlógún. Bó bá jókòó, dídìde a di ogun.

Káfíńtà kan wà ní ibùsùn kẹsàn-án. Ẹ̀jẹ̀ dì sí i lẹ́sẹ̀, dókítà sì ní kó máa lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, ẹyọ kan láràárọ̀. Bí oògùn náà bá kéré, ẹ̀jẹ̀ á tún dì. Bó bá lágbára jù, ẹ̀jẹ̀ ò ní dá mọ́. Nítorí náà, nọ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bi aláìsàn: ṣé ẹ̀jẹ̀ ń jáde níbì kan? Ṣé ó ń lo oògùn mìíràn?

Lọ́jọ́rú, Jẹ́jẹ́ ò bi í. Ó na oògùn sí i, ó fọwọ́ síwèé, ó kọjá.

Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, ó rí ẹ̀jẹ̀ lára ìrọ̀rí.

"Bàbá, ibo nìyí ti wá?"

"Eyín ni, látàná. Igi tí mo ti ń gé látọjọ́ yìí, kò sí èyí tó mú mi ṣẹ̀jẹ̀ tó oògùn yín."

Jẹ́jẹ́ ká apá aṣọ bàbá náà sókè. Ara ti dúdú níbi mẹ́ta, bí ẹni tí wọ́n nà.

"Ṣé ẹ̀ ń lo nǹkan mìíràn mọ́ ọn?"

Káfíńtà wo ìyàwó rẹ̀ tó jókòó tì í. Obìnrin náà yọ páálí oògùn ara ríro nínú báàgì.

"Orúnkún ló ń dùn ún. Ó ti rẹ̀ yín tẹnutẹnu, nọ́ọ̀sì, mi ò fẹ́ dà yín láàmú."

Jẹ́jẹ́ ò fún un ní oògùn àárọ̀ yẹn. Ó pe dókítà. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, oògùn ara ríro yẹn ti mú kí oògùn ẹ̀jẹ̀ lágbára jù lára rẹ̀. Wọ́n fún un ní oògùn tó máa dín agbára oògùn ẹ̀jẹ̀ náà kù, nígbà tó fi di ọjọ́ kejì, ẹ̀jẹ̀ eyín ti dá.

Kò sẹ́ni tó mọ̀ nípa Ọjọ́rú. Jẹ́jẹ́ lọ bá ọ̀gá nọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀.

"Mà, mi ò bi í léèrè. Ó rẹ̀ mí ni."

Ọ̀gá na ìwé sí i. "Kọ ọ́ sílẹ̀. Kọ iye ibùsùn tó wà lọ́wọ́ rẹ náà mọ́ ọn."

Lọ́jọ́ Ajé, wọ́n fi nọ́ọ̀sì ẹyọ kan kún un. Jẹ́jẹ́ ní díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà, ó sì kó ibùsùn mẹ́jọ lé nọ́ọ̀sì tuntun náà lọ́wọ́.