Lẹ́tà Òkú Lára Pósítà Alààyè

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń bi mí léèrè ìdí tí mo fi kúrò nínú òṣèlú, ìbò káńsẹ́lọ̀ tó kọjá níhìn-ín ní Òmù-Àrán ni ìdáhùn mi.

Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi ṣiṣẹ́ ìtẹ̀wé. Èmi fúnra mi ni mo ya irú lẹ́tà ìtẹ̀wé kan láti A dé Y: ó sanra, ó ní ẹsẹ̀ pẹlẹbẹ lókè àti nísàlẹ̀, àmì abẹ́ ẹ, ọ àti ṣ rẹ̀ sì jẹ́ onígun mẹ́rin. Ẹni tó wà lórí ọ̀kadà tó ń sáré yóò kà á. Láti Agbamu dé Ìsánlú-Ìsin, ìdílé Mùsùlùmí àti ti Kìrìsìtẹ́nì, òun ni wọ́n ń fẹ́ fún pósítà òkú wọn. Mo sì máa ń fi í yangàn.

Nígbà tí Ìyá Nọ́ọ̀sì, tó ti fẹ̀yìn tì, gbégbá ìbò, ohun kan ṣoṣo la ń jà fún: kí wọ́n ṣí ilé ìgbẹ̀bí àdúgbò wa tí wọ́n tì pa. Mo fi lẹ́tà mi kọ orúkọ rẹ̀ gàdàgbà sókè àwòrán rẹ̀ lára pósítà ìbò.

Akọ̀wé ìpolongo wa wò ó, ó ní, "Bàbá, lẹ́tà yìí ò ti jọ tòkú jù?"

Mo ní, "Ta ní ń kọ́ ta níṣẹ́ nínú èmi àti ìwọ?"

Ó ku ọjọ́ mẹ́ta kí a dìbò la lẹ̀ ẹ́ káàkiri. Ní ọjọ́ kejì, àwọn obìnrin ń sunkún wọ ilé Ìyá Nọ́ọ̀sì. Ó ń gbálẹ̀ lọ́wọ́.

"Ta ló kú?"

"Ẹ̀yin ni, mà!"

A rẹ́rìn-ín títí. Àwọn alátakò wa ò rẹ́rìn-ín ní tiwọn, ọkọ̀ ni wọ́n gbé dé gbogbo abúlé tó wà lábẹ́ wọ́ọ̀dù wa: "Ẹ má fi ìbò ṣòfò lórí òkú!" A mú ìyá náà káàkiri kí wọ́n lè fojú rí i, àmọ́ ẹsẹ̀ wa ò tó.

Lọ́jọ́ ìbò, ìyá arúgbó kan kí mi: "Ẹ kú ìdúró o. Ọlọ́run á tẹ́ Nọ́ọ̀sì sí afẹ́fẹ́ rere. Mo ti tẹ̀ka fún ẹgbẹ́ kejì."

Ìyá Nọ́ọ̀sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. "Màmá, èmi rèé."

Arúgbó náà tẹjú mọ́ ọn, ó bú sẹ́kún. "Sùbùhánàllàhi! Ìka tí mo ti tẹ̀ ńkọ́?"

A fìdí rẹmi. Ká ní wọ́n jí ìbò náà ni, ǹ bá rí ẹni bú. Ìyá Nọ́ọ̀sì ò bá mi wí rí, ìyẹn gan-an ló ń dùn mí. Èrè wa ò ju pé a gbìyànjú lọ. Gbèsè tí mo jẹ àdúgbò yìí, n ò rí bí mo ṣe máa san án.

Lóṣù tó kọjá, ìyàwó aládùúgbò wa rọbí. Orí ọ̀kadà tó ń gbé e lọ sílé ìwòsàn tó jìnnà ló bímọ sí, ọmọ náà ò sì yè. Káńsẹ́lọ̀ tó wọlé wá bá wọn kẹ́dùn, ó gbé ìrẹsì dání. Àlùfáà gbàdúrà pé kí káńsẹ́lọ̀ náà pẹ́ lórí oyè.

Mo wà níbẹ̀. Èmi náà ṣe àmín.