Ohun tí Naomi Rí Láti Orí Àpáta Ọ̀kà

Ẹni tó bá wọ ṣọ́ọ̀bù Naomi Ilésanmí ní Ìkàrẹ́ nígbà tí iṣẹ́ rẹ̀ ń lọ dáadáa, fótò ọkọ àti ìyàwó kọ́ ni yóò kọ́kọ́ rí lára ògiri. Ẹyẹ ni. Àwòdì tó na ìyẹ́ sójú ọ̀run, lékèélékèé tó dúró lẹ́yìn màlúù, ẹyẹ ẹ̀gà tó ń fi ewé ọ̀pẹ hun ilé. Fótò ìgbéyàwó àti ti ìsìnkú ni Naomi fi ń jẹun, àmọ́ ẹyẹ ló wà lọ́kàn rẹ̀. Ó ní lẹ́ǹsì gígùn kan tó tó apá ọmọdé, tó máa ń fa ohun tó wà lókèèrè sún mọ́ ojú. Bí ẹyẹ bá ṣẹ́jú lórí igi ní òdìkejì àfonífojì, Naomi á rí i. Òun àti ọkọ rẹ̀ ti pínyà tipẹ́, kò sì bímọ. Gift, ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ló ń wá kí i, tó ń bá a yan èyí tó dára jù nínú àwọn fótò, tó tún ń dáná fún un nígbà tó bá ti rẹ̀ ẹ́.

Godwin ni ẹ̀gbọ́n náà. Òun ló jogún oko kòkó bàbá wọn ní ẹsẹ̀ àpáta ní Ọ̀kà, ìyá wọn, Màmá Eunice, sì ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀. Ọkùnrin tó ń ṣiṣẹ́ kára ni, kì í mutí, kì í jalè. Àmọ́ bí o bá gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá láìkí i, kò ní gbàgbé títí ọdún á fi yípo.

Ní ìparí ẹ̀ẹ̀rùn kan, Naomi wà lórí àpáta nígbà tó rí ẹyẹ àtíòro méjì lórí igi afárá tó wà láàárín oko Godwin. Abo wọ inú ihò igi náà, ó fi amọ̀ dí ẹnu ihò mọ́ ara rẹ̀, ó ku àlàfo tóóró kan ṣoṣo. Inú ibẹ̀ ló ti máa ń yé ẹyin, tí gbogbo ìyẹ́ apá rẹ̀ á re dànù, tí kò ní lè fò mọ́ títí òmíràn á fi hù. Akọ ló ń bọ́ ọ. Láàárọ̀, lọ́sàn-án, á gbé èso wá, á nà án sí àlàfo yẹn, ẹnu abo á yọ, á gbà á. Naomi ya èyí ní fótò, ó gbé e sórí íńtánẹ́ẹ̀tì káyé rí i.

Fótò yìí ni Dókítà Hafsoh rí, obìnrin kan tó ń kọ́ àwọn ọmọ yunifásítì nípa ẹranko. Ó kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ wá sínú oko. Godwin ń ro ìdí kòkó lọ́wọ́, aṣọ oko tó ti ya ló wà lọ́rùn rẹ̀. Wọ́n kọjá lára rẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn tiẹ̀ sọ fún un pé, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún sẹ́yìn díẹ̀, ẹ ń dí wa lójú.” Wọ́n rọ̀gbà yí Naomi ká, wọ́n ń kí i kú iṣẹ́, wọ́n bá a ya fótò lábẹ́ igi náà.

Nídìí oúnjẹ nírọ̀lẹ́, Godwin ní, “Lébìrà ni wọ́n fi mí pè lórí ilẹ̀ bàbá mi.”

Naomi bú sẹ́rìn-ín. “Ẹ̀gbọ́n, ẹ wo aṣọ tí ẹ wọ̀ ná! Ta ló fẹ́ mọ̀ pé ẹ̀yin lẹ ni ín?”

Gift náà rẹ́rìn-ín, Màmá Eunice fi aṣọ bo ẹnu. Godwin ń jẹ iyán rẹ̀ lọ. Nígbà tó jẹ ẹ́ tán, ó béèrè pé, “Ìgbà wo lo tún ń lọ sórí àpáta?”

“Àárọ̀ Sátidé, ẹ̀gbọ́n.”

“Ó dáa.”

Láàárọ̀ Sátidé, Naomi ti gbé kámẹ́rà kalẹ̀ kí oòrùn tó mú. Akọ dé, ó gbé èso wá, ẹnu abo yọ. Bí Naomi ṣe ń tẹ kámẹ́rà ló rí Godwin tó jáde láàárín kòkó, tó gbé ìbọn ṣakabùlà kọ́ èjìká. Ó rò pé òkété ló ń wá. Àmọ́ abẹ́ igi afárá ló dúró sí. Kò kọ́kọ́ wo ẹyẹ. Àpáta ló gbójú sókè wò. Lẹ́ǹsì gígùn yẹn fa ojú rẹ̀ wá bí ẹni tó jókòó síwájú Naomi, ó rí irun funfun àgbọ̀n rẹ̀, ó rí òógùn iwájú orí rẹ̀. Godwin rẹ́rìn-ín sí i. Ó juwọ́ sí i. Lẹ́yìn náà ló gbé ìbọn sókè.

“Ẹ̀gbọ́n! Ẹ jọ̀ọ́!”

Èéfín ni Naomi kọ́kọ́ rí, kí ìró ìbọn tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Akọ já lulẹ̀. Ìka Naomi ò kúrò lórí kámẹ́rà, kò sì mọ̀ pé òun ṣì ń tẹ̀ ẹ́.

Nígbà tó fi máa sáré dé ilé, Godwin ti jókòó sórí àpótí, ẹyẹ wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Naomi kúnlẹ̀. “Ẹ̀gbọ́n, abo rẹ̀ wà nínú igi, kò lè fò. Ẹ jẹ́ kí n wá ẹni tó máa gun igi náà, kí n gbé e lọ.”

“Igi ta ni?”

“Igi yín ni.”

“Ilẹ̀ ta ni?”

“Ilẹ̀ yín ni, ẹ̀gbọ́n.”

“Ó dáa tí o mọ̀. Ẹni tó bá fọwọ́ kan igi yẹn, àdá ni n ó fi kí i káàbọ̀. Ní kí àwọn ọ̀mọ̀wé rẹ wá bọ́ ọ.”

Màmá Eunice gbé omi gbígbóná jáde, ó dà á sára ẹyẹ kí ìyẹ́ rẹ̀ lè rọrùn láti tu. “Naomi, dìde nílẹ̀,” ló wí. “Ẹran lásán lo fẹ́ fi bá ẹ̀gbọ́n rẹ jà?”

Naomi bẹ Bùsàrí, adẹ́mu kan ní Ìkún, ó gbà láti gun igi náà. Nígbà tí wọ́n dé oko, Godwin ti gbé àga sábẹ́ igi, àdá wà lórí itan rẹ̀, ajá rẹ̀ dùbúlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bùsàrí wò ó, ó ká igbà tó fi ń gun igi. “Ẹ má bínú, mà,” ló sọ fún Naomi, “èmi náà ní ọmọ nílé.”

Ó ku àpáta nìkan fún Naomi. Ó ń gun orí rẹ̀ lójoojúmọ́. Bí ẹyẹ èyíkéyìí bá ti fò kọjá lẹ́bàá igi yẹn, ẹnu abo àtíòro á yọ ní àlàfo, á là, á dúró bẹ́ẹ̀, á tún padà sínú. Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹnu fọ́ amọ̀ tó fi dí ihò náà. Ó fọ́ ọ títí ó fi jáde, apá rẹ̀ rí bí ọwọ́ ìhòòhò. Ó gbọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan, ó já lulẹ̀. Ajá ti dìde kó tó délẹ̀. Godwin ò kúrò lórí àga.

Nígbà tí Hafsoh pè láti béèrè ọjọ́ tí àwọn tún lè wá, Naomi ní àtíòro méjèèjì ti kú. Ó kó gbogbo fótò náà sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, láti orí èso tó wà lẹ́nu akọ dé orí ajá. Ó kọ orúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sábẹ́ wọn ní kíkún, ó kọ ìlú rẹ̀ mọ́ ọn. Ó mọ ohun tó ń ṣe. Ó fẹ́ kí ojú ti Godwin dọ́jọ́ ikú.

Àwọn èèyàn tí kò dé Ọ̀kà rí gba ọ̀rọ̀ náà kanrí. Wọ́n bú Godwin, wọ́n bú ìyá tó bí i, wọ́n ṣépè fún ọmọ rẹ̀. Godwin ò rí ìkankan nínú rẹ̀. Ó ń ro oko rẹ̀, ó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì.

Gift ló wá sí ṣọ́ọ̀bù lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Kò kúnlẹ̀, kò jókòó. Ojú rẹ̀ ti wú.

“Àǹtí, Àtíòro ni wọ́n ń pè mí níléèwé. Bí mo bá wọ kíláàsì, wọ́n á máa ju ìyẹ́ adìyẹ lù mí. Ẹnì kan kọ̀wé sí mi pé kí wọ́n tì mí mọ́nú ihò, kí ebi pa mí kú.”

“Gift, bàbá rẹ ni mo bá wí. Kì í ṣe ìwọ.”

“Bàbá mi ò ní fóònù tó ń gbé fótò, Àǹtí. Èmi ni mo ní in. Ẹ̀yin lẹ rà á fún mi.”

Naomi fa fóònù rẹ̀ yọ. Ó pa àwọn fótò náà rẹ́ kí ilẹ̀ tó ṣú, àmọ́ àwọn ẹlòmíràn ti gbé e káàkiri.

Gift fi iléèwé sílẹ̀, ó ní òun ń lọ bá ẹ̀gbọ́n ìyá òun ní Àkúrẹ́. Naomi gbọ́, ó sáré dé ibùdókọ̀ ní Ìkàrẹ́, ó bá a nínú mọ́tò, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Ó kan gíláàsì. Ó pè é lórúkọ. Gift yíjú sí obìnrin tó jókòó tì í, ó bi í bóyá ọ̀nà Ọ̀wọ̀ ni wọ́n máa gbà. Obìnrin náà ní bẹ́ẹ̀ ni. Ọkọ̀ kún, dírẹ́bà sì ṣíná sí i.